Omi Tí Mo Dà Nù ní Láàbù Ìtamága

Èmi ni mo da omi náà nù. Kì í ṣe iná tó lọ ló ba iṣẹ́ Àǹtí Bísọ́lá jẹ́, kì í sì í ṣe Bàbá Mùsí tó ń tan jẹnẹrétọ̀ wa. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí, tí mo ti fi ọṣẹ fọ̀ dé ìgúnpá bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ni mo fi dà á. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ìtàn mi dé ìdajì kó tó mọ irú ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, mo mọ̀ pé ẹ̀rín lè pa yín. Àwọn tó ń sọ ìtàn iṣẹ́ ayé wọn, àwọn tí orí wọn ti funfun ni, tí eyín wọn ti ń mì. Èmi ò tíì níyàwó. Síbẹ̀ mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ láàbù, ẹ̀yìn náà sì tì pátápátá. Awọ ọwọ́ mi ló lé mi kúrò. Ìbọ̀wọ́ ọ̀rá àti bílíìṣì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o bí ẹni bó ẹ̀pà. Dókítà awọ ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì, iṣẹ́ tàbí ọwọ́. Mo yan ọwọ́, torí òun ni mo fi ń jẹun. Ní báyìí mo ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ta ike ní Ìtamága: abọ́, korobá, àga. Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. Ike kì í kú tí iná bá lọ.

Bí mo ṣe dé láàbù kò gùn rárá. Ọ̀ṣun ni àwọn òbí mi ti wá, a ń gbé ilé onílé ní Ìkòròdú. Mo ṣe ìdánwò àṣejáde, èsì rẹ̀ kò dùn ún sọ láwùjọ. Ìyá mi mọ ẹnì kan tó mọ Dókítà, wọ́n ní Dókítà ń wá ẹni tó lè fọ ìgò. Iye tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi ewé bò ó. Kì í ṣe òun ló mú mi dúró.

Dókítà tí mo ń wí yìí kì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ìdílé apẹja ni wọ́n ti jáde, wọ́n sì kàwé títí ó fi ku kìkì ohun tí ojú lásán kò lè rí fún wọn láti kà. Wọ́n sọ yàrá mẹ́ta nínú ilé wọn di láàbù, lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ Ìtamága. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, bí ẹlòmíràn ṣe ń sin adìyẹ. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara gbogbo wa, bí a ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé. Inú ìgò pẹlẹbẹ ni ti Dókítà ń gbé, nínú omi pupa kan tí oúnjẹ wọn wà nínú rẹ̀. Àpótí kan tó ń móoru bí ara ènìyàn la ń tọ́jú àwọn ìgò náà sí, inkubétọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ara wa kò móoru tó báyẹn lọ́jọ́ tí Dókítà bá bínú.

Ìgò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìgò ni mo sì fọ̀ títí mo fi ń lá àlá ìgò.

"Sùnkànmí," ni Dókítà pè mí.

"Ẹ̀ẹ́, mà."

"Kí lo rí nínú ìgò yìí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, mà."

"Ta ló ní kí o rí nǹkan? Gbóòórùn ẹ̀."

Mo gbóòórùn rẹ̀. "Ó ń rùn bí ọṣẹ díẹ̀, mà."

"Ṣé wàá fi omi ọṣẹ mu gàrí?"

"Rárá, mà."

"Sẹ́ẹ̀lì náà ò mu ún. Lọ tún un fọ̀."

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. O ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìgò tó bá ṣí. Wọ́n ní àwọn kòkòrò tó wà nínú itọ́ mi pọ̀ ju ará Ìkòròdú lọ. O ò gbọdọ̀ fín lọ́fíńdà wọlé. Bí o bá fẹ́ sín, kí o sáré jáde lọ sín in lẹ́nu géètì. Ìyá elépo tó ń tajà níwájú géètì náà máa ń rí mi tí mo ń sáré jáde, màá sín, màá sì tún sáré wọlé. Ó sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n tètè mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà.

Nígbà tí ìgò mi kò rùn mọ́, Dókítà kọ́ mi ní ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni mo há sórí bí Fátíhà: omi pupa dára, bí omi bá ti yí padà sí yẹ́lò, sẹ́ẹ̀lì ti jẹ oúnjẹ inú rẹ̀ tán, wọ́n sì ti tọ̀ sí i. Da omi náà nù, da bílíìṣì lé èyí tí o dà nù, fún wọn ní tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ẹ̀kọ́ yẹn. Òun ló gbé mi dé ibi gíga, òun náà ló sì jù mí sílẹ̀.

Bàbá Mùsí ni ẹnìkejì mi. Ọmọ Ẹ̀jìnrìn ni wọ́n, ẹ̀bá ọ̀sà, wọ́n sì dàgbà tó baba mi. Iṣẹ́ wọn ni láti tan jẹnẹrétọ̀ bí iná ìjọba bá ti lọ, kí inkubétọ̀ má baà tutù. Wọ́n máa ń fi àkísà nu jẹnẹrétọ̀ náà láàárọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Bí ó bá wúkọ́, wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi." Wọ́n máa ń fọ́nnu pé iná kì í lọ tán kí àwọn tó dá a padà. Òótọ́ ni. Èmi ni wọ́n ń pè ní ará òkè, torí pé mi ò mọ odò wẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ akàn. Àwọn ẹbí Dókítà fi akàn ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́ nínú korobá, wọ́n ní kí n fọ̀ wọ́n ní kíṣìnì. Mo ki ọwọ́ bọ korobá bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Akàn ńlá kan fi ọwọ́ rẹ̀ há mi ní àtàǹpàkò. Mo figbe ta, mo ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ akàn mọ ohun tó máa ń ṣe: ó já ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sá wọ abẹ́ fíríìsà. Akàn lọ, ọwọ́ akàn kò lọ. Ó ṣì wà lára àtàǹpàkò mi, ó sì ń fún un mọ́lẹ̀.

Dókítà sáré dé. Mo rò pé àánú ló gbé wọn wá.

"Dúró bẹ́ẹ̀. Má yọ ọ́. Bísọ́lá, máa bọ̀ kíákíá."

"Dókítà, ó ń dùn mí, mà."

"Mo mọ̀. Bísọ́lá, wò ó dáadáa. Akàn ti lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́."

Àǹtí Bísọ́lá ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìwé àṣejáde yunifásítì lọ́dọ̀ Dókítà, ẹni jẹ́jẹ́, tí kì í pariwo. Wọ́n tẹjú mọ́ àtàǹpàkò mi bí ìgbà tí wọ́n ń wo màíkíróskópù. Dókítà sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, èmi ni pátákó.

Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká. Àwọn purotéènì kan dúró sínú awọ yẹn: ẹsẹ̀ wọn wà nínú ilé, ìbàdí wọn há sínú awọ, orí àti ọwọ́ wọn yọ sóde sínú omi. Ọwọ́ tó yọ sóde yẹn ni sẹ́ẹ̀lì fi ń gba iṣẹ́ tí ara rán sí i. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tún wà lára awọ náà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ ti àlùmọ́gàjí. Bí àkókò bá tó, wọ́n á gé ọwọ́ yẹn ní ìdí, lẹ́bàá awọ. Kùkùté á kù lára sẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ á bá omi lọ. Nígbà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì ń ṣe é kó má baà gbọ́ ìpè mọ́ ni. Nígbà mìíràn, ọwọ́ tó já yẹn á bá ẹ̀jẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, bí ti akàn yìí lára Sùnkànmí. Nínú àwọn jẹjẹrẹ kan sì rèé, àlùmọ́gàjí náà kì í sinmi.

"Nítorí náà," ni Dókítà wí, "bí o bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ tí wọ́n gé ṣe pọ̀ tó, ibo lo máa wò?"

"Inú omi ni, mà," ni Àǹtí Bísọ́lá dáhùn.

"Sùnkànmí, ṣé ó yé ẹ?"

Mo ní ó yé mi. Ẹni tí akàn dì mú, kí ni kò ní yé e?

Bàbá Mùsí ló gbà mí. Wọ́n mú pláyà tí wọ́n fi ń tú bóòtù jẹnẹrétọ̀ wá, wọ́n la ọwọ́ akàn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ará òkè," ni wọ́n wí, "wọ́n ní kí o fọ akàn, o lọ ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nílùú tiwa, jíjẹ la máa ń jẹ ẹ́."

Ẹ̀kọ́ yẹn ni Àǹtí Bísọ́lá fi ń ṣe ìwé àṣejáde wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan lè dá àlùmọ́gàjí náà dúró. Nígbà tó yá, wọ́n to àwọn ìgò wọn, wọ́n fọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fi wọ́n sínú omi tí a ti yọ ọ̀pọ̀ oúnjẹ kúrò nínú rẹ̀, kí omi lè mọ́, kí ó má sí nǹkan tó máa bo ọwọ́ tí wọ́n bá gé mọ́lẹ̀. Wọ́n wá pè mí.

"Sùnkànmí, jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan ìgò wọ̀nyí o. Bí o bá rí i tó di yẹ́lò, jẹ́ kó di yẹ́lò."

"Ó yé mi, mà."

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Bísọ́lá àti Dókítà lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹbí Dókítà kan ń ṣe ìkómọ. Èmi nìkan ni mo ku nínú láàbù, Bàbá Mùsí wà níta lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀ wọn. Mo ṣí inkubétọ̀ wò. Yẹ́lò. Mo gbé ìgò kan sábẹ́ màíkíróskópù, mo rí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rù hangogo. Àánú ṣe mí. Mo ní Àǹtí Bísọ́lá kò mọ̀ pé ó máa burú tó báyìí ni. Mo ní bí ìyá bá ní kí a má fún ọmọ òun lóúnjẹ, tí ọmọ ń kú lọ, ṣé a máa wò ó níran? Kí n má purọ́ fún yín, mo tún ní lọ́kàn pé wọ́n á dé, wọ́n á rí ìgò tó mọ́, wọ́n á sì ní, "Sùnkànmí, o káre."

Mo da gbogbo omi yẹ́lò náà nù. Mo da bílíìṣì lé e. Mo fún wọn ní omi pupa tuntun, olóúnjẹ kíkún, mo sì tò wọ́n padà. Wọ́n ń dán bí ìgò sóbò nílé ìnáwó. Mo dúró mo ń wò wọ́n, inú mi ń dùn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bí ọ̀sán ṣe ń rọ̀, iná lọ. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀. Mi ò kà á sí.

Nígbà tí Àǹtí Bísọ́lá kó ìgò wọn jáde láàárọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sí ìmọ́lẹ̀. "Dókítà, ó yẹ kó ti di yẹ́lò. Ó ṣì pupa."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ akàn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Omi yẹn ni iṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kọ́ ni wọ́n ń wá, omi tí mo pè ní ìtọ̀ ni wọ́n ń wá. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Dókítà sì ti ń dáhùn:

"Òtútù ti mú wọn. Wọn ò ṣiṣẹ́ rárá. Ṣé iná lọ lánàá?"

Mo pa ẹnu mi dé.

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò omi náà síbẹ̀síbẹ̀, nínú àwo kékeré oníhò wẹ́wẹ́ kan. Bí ọwọ́ tí wọ́n gé bá wà nínú omi, ihò á yí àwọ̀ padà. Ihò kankan kò yí. Ó mọ́ lóló bí omi òjò. Wọ́n pe Bàbá Mùsí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná lọ lánàá?"

"Ó lọ, Dókítà. Mo ń kírun Ásárì lọ́wọ́. Bí mo ṣe sálámà tán báyìí ni mo tan án."

"Ṣé ó pẹ́?"

"Ìrun mi kì í pẹ́. Ọlọ́run gan-an mọ̀ pé mo ní jẹnẹrétọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká rẹ́rìn-ín sí ni. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Àǹtí Bísọ́lá ń nu ojú. Bàbá Mùsí wo Àǹtí, wọ́n wo àwo náà, wọ́n sì wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, èmi ni mo gbá a.

Dókítà kò lé wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Dókítà lé wọn. Bàbá Mùsí fúnra wọn ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ lé orí tábìlì. Dókítà bẹ̀ wọ́n títí.

"Ẹ̀rọ yìí ò já mi kulẹ̀ rí," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo já a kulẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kì í dúró gbowó ẹ̀."

Èmi ni mo bá wọn gbé àpò dé ibi tí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ti ń gbé èrò. Ní gbogbo ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ń yí lẹ́nu mi bí eegun ẹja. Kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n yọ pláyà yẹn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Gbà. Akàn ṣì pọ̀ láyé."

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí Bàbá lọ tán, Dókítà tọrọ sólà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì rí i. Iná kò lọ mọ́. Ìgò ike àlòdànù náà dé, iṣẹ́ ìfọgò mi sì kú lójijì. Èmi tí mo ti lè fi imú mọ ọṣẹ nínú ìgò, ó wá di pé mò ń ya ọ̀rá, mò ń ju ìgò sínú ìdọ̀tí. Màíkíróskópù tuntun tún dé, tó ń gbé àwòrán sójú tẹlifísọ̀n. Dókítà lè jókòó sórí àga kí wọ́n máa wo sẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n sólà kì í wúkọ́, kò sẹ́ni tó ń kí i pẹ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń pè mí ní ará òkè.

Nígbà tí òjò ọdún náà lọ sílẹ̀, Àǹtí Bísọ́lá tún iṣẹ́ náà ṣe. Mo ṣọ́ ìgò wọn bí sójà. Omi di yẹ́lò, mo jẹ́ kó di yẹ́lò. Nígbà tí wọ́n dà á sínú àwo, àwọn ihò náà yí àwọ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí oògùn wà, àwọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Àǹtí Bísọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Dókítà wí. "Iná ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Sólà ló gbà wá."

Ibẹ̀ ni mi ò ti lè gbé e mì mọ́. "Dókítà, iná kọ́. Èmi ni mo da omi náà nù."

Wọ́n yíjú sí mi. "Ìgò mélòó?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"O da bílíìṣì lé e?"

"Mo dà á, mà."

"Ó dáa. Ó rántí bílíìṣì," ni wọ́n sọ fún ògiri. Ohùn wọn wá lọ sílẹ̀. "Mo jẹ́ kí àgbàlagbà gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀ níwájú mi. O dúró níbẹ̀."

"Mo dúró níbẹ̀, mà."

"Màá lọ bẹ̀ wọ́n fún tèmi. Tìẹ, mi ò ní bá ẹ gbé e. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ lọ."

Àǹtí Bísọ́lá kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n kàn ní kí n lọ ra mọ́ínmọ́ín wá, wọ́n sì bù ú fún mi. Mo mọ̀ pé ó ti tán nìyẹn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí mo fi fẹ̀yìn tì.

Mo lọ sí Ẹ̀jìnrìn lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Mo bá Bàbá Mùsí létí omi, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, wọ́n ń so akàn pọ̀ mọ́ ara wọn fún títà. Inú wọn dùn débi pé mo fẹ́ sá padà.

"Ará òkè! Ẹ̀rọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n ti ra sólà, Bàbá."

"Ṣé ó máa ń dún?"

"Kì í dún, sà."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó wà láyé?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu ọbẹ̀ akàn fún mi. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi jọ, nígbà tí wọ́n dáwọ́ akàn tí wọ́n ń so dúró.

"Ohun kan ń ṣe mí," ni wọ́n wí. "Láti ìgbà yẹn, mi ò lè kírun já gaara mọ́. Bí mo bá ti forí kanlẹ̀, á máa ṣe mí bíi pé iná lọ níbì kan. Màá sì yára dìde." Wọ́n nawọ́ sí gbogbo etí omi náà, sí àwọn ọkọ̀ àti ahéré tó wà níbẹ̀. "Níbí yìí, ta ló ní iná tó máa lọ?"

Mo la ẹnu.

"Jẹun, ó ń tutù," ni wọ́n wí.

Mo jẹun. Mo jẹ ẹ́ tán, mo dúpẹ́, mo sì wọkọ̀ padà sí Ìkòròdú.

Ẹ̀yin àbúrò mi, bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ láàbù, iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ojú lásán kì í rí ohun tí à ń ṣe níbẹ̀, nítorí náà bí ọwọ́ yín bá ṣe nǹkan, ẹnu yín ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíràn ò lè rí i bá yín. Dókítà ti ní bí ọjọ́ ọjà mìíràn bá tún kọjá, àwọn á wọkọ̀ Ẹ̀jìnrìn fúnra wọn. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí kò sì san nǹkan kan nínú gbèsè mi, torí Bàbá Mùsí kì í kàwé. Pláyà wọn wà lápò mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo jẹ wọ́n kò gùn ju èyí lọ: Bàbá, iná kọ́, èmi ni, ẹ forí kanlẹ̀, kó pẹ́ bó ṣe wù yín.